Mítà Kàrínà Aláwọ̀ Ewé

Ilé onífáráńdà búlúù,
Lẹ́yìn ọjà, Kabala Costain,
Kaduna.
18 Oṣù Kọkànlá, 2016.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Moróunkẹ́,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Bàbá Jùwọ́n ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Jùwọ́n ńkọ́, ṣé ó ti ń fi Yorùbá dá àwọn ará Kàbbà lóhùn, àbí Hausa tó gbé láti Kaduna ló ṣì ń sọ fún wọn? Màmá wa ńkọ́? Jọ̀wọ́, bá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Nígbàkigbà tí mo bá rántí ọdún tí à ń gbé wọn wọ ọsíbítù, tí à ń gbé wọn jáde, tí mo sì gbọ́ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ọpẹ́ ni mo máa ń dá. Fi Màmá sọ́kàn bó o bá ṣe ń ka lẹ́tà yìí lọ, nítorí màá tún dárúkọ wọn níwájú.

Àwa náà wà láàyè. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo wa ti là, fèrèsé tí mo bá nù láàárọ̀ á ti pupa fún eruku kó tó di ọ̀sán. Bàbá Tósìn, ọkọ mi, kí ọ. Tósìn náà kí ọ; ìyẹn ni pé mo ní kó kí ọ, ó sì fi Hausa dá mi lóhùn pé, "To, ina gaishe ta." Ìwọ náà mọ àwọn ọmọ wa.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Láti Sọ́ńdè tí a ti ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Kàbbà tó wà ní Kaduna ni mo ti ń pè ọ́. Nígbà mìíràn kò ní lọ, nígbà tó bá lọ, o kì í gbé e. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì Kàbbà kò dára. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lánàá òde yìí ni Sarah tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pe ìyá rẹ̀ ní Kàbbà níṣojú mi, wọ́n sọ̀rọ̀ títí owó inú fóònù rẹ̀ fi tán, wọ́n tilẹ̀ jà, wọ́n sì parí ìjà náà lórí fóònù kan náà. Ni mo bá jókòó, mo mú bírò. Sarah ń bọ̀ wálé lọ́la, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo mọ Sarah. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, sọ fún mi. Ohun kan tó dára nínú lẹ́tà ni pé nẹ́tíwọ̀kì kì í já a.

O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Bàbá Tósìn ti ń sọ pé àwọn máa ra mọ́tò. Oṣù tó kọjá ni Bọ̀ọ̀dá Matthias dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, pé bí ọdún yìí bá ń parí lọ, àwọn máa kó kúrò ní Hayin Banki padà sílé, nítorí náà àwọn fẹ́ ta mọ́tò àwọn. Mọ́tò wo? Kàrínà aláwọ̀ ewé rẹ nì ni, èyí tí o tà fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀yin náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Kinkinau. Inú mi dùn. Mo ní mọ́tò ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá di tèmi.

Àfi ìgbà tí wọ́n pe iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Owó náà kéré jù, Moróunkẹ́. Bàbá Tósìn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi ní Ọlọ́run kì í ta mọ́tò. Ìwọ lo kúkú sọ mí ní C.I.D. nígbà tí a jọ ń gbé Kinkinau, nítorí pé mo máa ń ka ẹyin kí n tó sùn, tí mo bá jí, mo tún un kà. Ọjà tó bá wọ́n jù, mo lè bá a dúnàádúrà. Èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni mo máa ń bẹ̀rù, nítorí ẹni tó ń tà á ti mọ ohun tí èmi ò tíì mọ̀.

O rántí àṣà ẹgbẹ́ wa pé ọmọ ẹgbẹ́ kì í mú mẹkáníìkì lọ wo mọ́tò ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni, pé bíi kí èèyàn lọ sílé àna rẹ̀ kó máa gbóòórùn ọbẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Àdúrà là ń gbà sí mọ́tò, Pásítọ̀ á fi òróró kan sítíárì, ọ̀rọ̀ parí. Èmi mú mẹkáníìkì lọ. Ephraim ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó ṣe bí ẹni pé àbúrò olùkọ́ kan níléèwé wa ni, pé ó kàn sìn mí wá ni. Mi ò rántí pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì dé ìgúnpá. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Matthias gbé omi tútù wá fún wa, wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n sì wo ojú mi. Mo mu omi náà tán láìgbé ojú sókè.

Mo wá ṣílẹ̀kùn, mo jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Tìmùtìmù rẹ̀ ti rì. Rọ́bà orí búréèkì ti jẹ títí ó fi ń dán. Èmi àti ìwọ la jọ mọ bí rọ́bà náà ṣe jẹ, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí mo gbójú sókè wo mítà tó ń ka ibi tí mọ́tò ti rìn dé ni orí mi wú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin kìlómítà péré ló wà níbẹ̀.

Ṣé o rántí Kérésì ọdún tí gbogbo òdo yí lójú wa? Bí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe lóṣù Kejìlá náà ni, mọ́tò tò tẹ̀lé ara wọn láti Kaduna, ẹni tó ní gbé ẹni tí kò ní. Mo wà lẹ́yìn nínú Kàrínà rẹ láàárín àwọn ọmọ, Jùwọ́n sùn lé mi lẹ́sẹ̀. A ti kọjá Lọ́kọ́ja, a ń sún mọ́ Ọ̀bàjánà, ni o pariwo pé kí gbogbo wa wo mítà. Ení kan ló ṣíwájú, ẹ̀sán lásán ló tò tẹ̀lé e. O dín eré kù kó má bàa kọjá lójú wa. A ń wò ó, kò sẹ́ni tó mí, ó sì yí, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, òdo rẹpẹtẹ. A pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ. O ní mọ́tò rẹ ti di àgbà, o dúró lẹ́bàá títì, o ra iṣu sísun àti epo fún gbogbo wa. Epo náà kán sí aṣọ mi, kò sì kúrò níbẹ̀ di òní olónìí.

Mọ́tò tó ti pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nígbà náà ló wá di ọgọ́rin báyìí. Ṣé ẹ̀yìn ló ń rìn ni?

Ephraim ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ pa àwọn nọ́ọ̀tì tó di mítà mú, ó ní, "Aunty, dem don change am. This one na from another motor." Mo bi í pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Haba Aunty! If the number no low, who go give you better money? Everybody dey do am." Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà mìíràn mítà máa ń kú lóòótọ́, wọ́n á lọ ra ògbólógbòó tí wọ́n tú lára mọ́tò tó ti bàjẹ́, wọ́n á fi rọ́pò, tí mítà yẹn bá sì ti wọlé, iye tí ó bá ti kà lára mọ́tò àkọ́kọ́ ló máa gbé wá. Kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀ bí onímọ́tò bá sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni tó bá dákẹ́ ni olè, nítorí mọ́tò tí kò rìn púpọ̀ lẹni tó ń rà á rò pé òun ń sanwó rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí n ti ronú nìyẹn. Bí Bọ̀ọ̀dá Matthias bá yí mítà kí owó lè pọ̀, kí ló dé tí owó tí wọ́n pè kò pọ̀? Ṣùgbọ́n ìfura ti gùn mí. Mo sọ fún Bàbá Tósìn pé owó kékeré náà gan-an ni ìjẹ tí wọ́n fi sẹ́nu ìwọ̀. Bàbá Tósìn ní kí n lọ bi wọ́n léèrè ní kọ̀rọ̀. Èmi ní rárá, pé ohun tí wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀, gbangba la ti máa tú u.

Ọjọ́ ìpàdé náà ni wọ́n fẹ́ fi Bọ̀ọ̀dá Matthias joyè Bàbá Ẹgbẹ́, kí wọ́n lè rí nǹkan ẹ̀yẹ gbé relé lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò ní Kaduna. Alága wa, Pa Ọlátúnbọ̀sún, bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo dìde. Mo sọ nípa mítà, mo sọ nípa òdo, mo sọ nípa iṣu sísun. Mo tilẹ̀ pa òwe fún wọn pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ni àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìn mọ́tò náà: Beauty ní mọ́tò náà ló gbé òun lọ bí ọmọ òun kejì, ìyá kan ní mọ́tò náà ló tẹ̀lé pósí àna òun délé. Bó bá jẹ́ pé ẹnu wa ni mítà, mọ́tò náà ti yí ayé po.

Alága kọjú sí Bọ̀ọ̀dá Matthias, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni?" Bọ̀ọ̀dá Matthias dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Bí mo ṣe rà á ni mò ń tà á." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn kùn. Alága bi mí pé ta ni ẹlẹ́rìí mi. Moróunkẹ́, ìwọ ni mo dárúkọ. Ta ni mo tún ní? Mo pè ọ́ níbẹ̀, mo sì fi ohùn rẹ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

O rẹ́rìn-ín bí o ṣe gbọ́ ohùn wa. Mo ní ṣé o rántí ọjọ́ tí òdo yí. O ní, "Há! Ọjọ́ iṣu sísun! Ṣé mo lè gbàgbé?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wá ní Bọ̀ọ̀dá Matthias ló fẹ́ ta Kàrínà náà, iye orí mítà rẹ̀ ò sì dé ìdajì ti ọjọ́ náà, ṣé èyí tí o tà fún wọn nìyẹn? Mo gbọ́ tí àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ. Lẹ́yìn náà lo wá ní, "Ẹ ò gbọ́ mi mọ́? Ẹ ò gbọ́ mi?" Fóònù já.

A gbọ́ ọ. A gbọ́ ọ ketekete. A tilẹ̀ gbọ́ àkùkọ.

Lójú ẹgbẹ́, o ti jẹ́rìí nìyẹn. Alága ní kí wọ́n dá oyè náà dúró títí di ìpàdé ìparí ọdún, pé bí kò bá sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ mi ní koro, a máa yọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Matthias kúrò nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n tó relé. Bọ̀ọ̀dá Matthias wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Kí a tó túká, ẹnìkan ti sọ sí mi létí pé wọ́n ti ṣe akápò rí o, pé ẹni tó lè yí mítà, ta ló mọ ohun mìíràn tó ti yí? Mo mirí. Mo gbádùn ara mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ni Queen kan ilẹ̀kùn mi, ọmọbìnrin Bọ̀ọ̀dá Matthias tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi tẹ́lẹ̀, kò kí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Aunty, haba! Bàbá mi ò jẹun mọ́ o. Wallahi, ẹ ti ba orúkọ wọn jẹ́. Ẹ wò ó, kalli." Ó na fóònù sí mi. Fídíò ọjọ́ tí a gbàdúrà sí mọ́tò náà ni, lọ́jọ́ tí o fi lé wọn lọ́wọ́. Mo rí ọ níbẹ̀, o wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn rẹ, o ń fi kọ́kọ́rọ́ lé Bọ̀ọ̀dá Matthias lọ́wọ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ. Mo rí ara mi lẹ́yìn rẹ, mò ń kọrin, mò ń jó. Pásítọ̀ na ọwọ́ òróró wọ inú mọ́tò, ẹni tó ń yà á na fóònù tẹ̀lé ọwọ́ náà. Queen dá fídíò dúró síbẹ̀. "Karanta, Aunty. Ẹ kà á."

Mo kà á. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló wà lórí mítà. Òróró ṣì ń kán lọ́wọ́ Pásítọ̀, Bọ̀ọ̀dá Matthias ò tíì wa mọ́tò náà rí, mítà sì ti yí.

O mọ̀ mí, mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè fi fóònù ṣe ohunkóhun. Mo ní bóyá Bàbá Jùwọ́n ló ṣe é láìsọ fún ọ. Mo ní bóyá mẹkáníìkì ló ṣe é láìsọ fún yín. Mo fura sí gbogbo ayé, ojú mi kò fẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń wà á lójoojúmọ́, ìwọ lo ra iṣu ọjọ́ náà. Kò sí bí òdo tí ìwọ fúnra rẹ pàtẹ́wọ́ fún ṣe lè kúrò lójú rẹ kí o má mọ̀. Mo wá rántí àkùkọ tó kọ nínú fóònù. Inú mi bàjẹ́, Moróunkẹ́. Mo jókòó sórí àga ìdáná, mo sunkún.

Lánàá ni mo lọ sí Hayin Banki. Bọ̀ọ̀dá Matthias ń di àwọn ìkòkò ìyàwó wọn sínú àpò ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ní eruku. Lẹ́yìn tí mo bẹ̀ wọ́n tán, mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n mọ̀ pé mítà náà kì í ṣe ti mọ́tò. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ya òmùgọ̀. Wọ́n ní, "Ìbíyínká, ta ló jókòó níwájú lọ́jọ́ tí òdo yí?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbàgbé! Wọ́n gbé mọ́tò tiwọn fún tọkọtaya àgbà kan lọ́dún náà, àwọn sì wọ tìrẹ. Bọ̀ọ̀dá Matthias ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, àwọn ló ń gba iṣu gbígbóná lójú fèrèsé tí wọ́n ń nà án sí wa lẹ́yìn, tó ń jó wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí o fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ nígbà tí Pásítọ̀ ń da òróró. Wọ́n sì ti sanwó mọ́tò tí kò rìn púpọ̀ fún ọ, wọ́n san án pé.

Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi san án. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ní kó dín owó kù, níbo ló ti máa rí ìyókù?" Mo ní ó dáa, èmi tí ẹ fẹ́ tà á fún báyìí ńkọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Wọ́n ní bí àwọn bá sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ mítà, ìbéèrè tó kàn lẹ́nu C.I.D. ni pé ta ló pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè purọ́ mọ́ Moróunkẹ́, àwọn ò sì lè tú u síta, nítorí náà àwọn kúkú pe iye tó tọ́ sí mọ́tò tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rà á má bàa pàdánù. Iye kékeré tí mo fi sọ wọ́n di olè, Moróunkẹ́, òun gan-an ni òtítọ́ tí wọ́n ń sọ fún mi. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí mo bi wọ́n ni pé nígbà tí gbogbo ilé dojú kọ wọ́n ní ìpàdé, kí ló dé tí wọn ò là á mọ́lẹ̀. Wọ́n so àpò náà kó tó di pé wọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ó wà lórí fóònù. Mo rò pé ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Bóyá mítà àkọ́kọ́ kú lóòótọ́. Bóyá o fẹ́ sọ fún wọn, ojú sì tì ọ́ nígbà tí o rí owó tí wọ́n mú wá. Mo mọ bí ara ṣe ń ni ọ́ lọ́dún náà. Bó o bá ti sọ ọ́ fún mi nígbà náà, à bá jọ ta mọ́tò náà bó ṣe rí, à bá sì jọ wá ìyókù, kódà bó jẹ́ aṣọ ara mi ni mo máa tà. Èmi tí a jọ ń sùn sí ọsíbítù ti Màmá! Ìyẹn ló dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní báyìí mo ti ń fura sí ohun gbogbo tí o ti sọ fún mi rí. Ìkòkò mi tí o ní ológbò ló gbá ṣubú ní Kinkinau, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ yìí, mò ń rò ó pé ṣé ológbò wà nílé náà rárá. Má ṣe jẹ́ kí n máa bá a lọ báyìí.

Kò sẹ́ni tó ní kí o dá owó kankan padà. Owó náà wà ní ẹsẹ̀ Màmá, ó sì wà níbi tó yẹ kó wà. Bọ̀ọ̀dá Matthias tilẹ̀ ní kí n bá àwọn kí Màmá. Wọ́n tún mú mi ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, Queen náà ò sì ní fi fídíò náà han ẹlòmíràn. Mo ti ṣèlérí, o mọ̀ pé mi kì í yẹ ìlérí. Èmi tí mo lanu tó bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé, wọ́n ti dì mí lẹ́nu báyìí. Mo lè dìde kí n sọ pé mo ṣìṣe, wọ́n á ní ojú àánú ni mò ń wò. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù tó lè dá orúkọ ọkùnrin náà padà kó tó kó ẹrù rẹ̀ relé, ẹnu rẹ ni.

A ti ra mọ́tò náà, àná náà la sanwó rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Tósìn ti fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Wọ́n bèèrè bóyá kí wọ́n bá mi wá ẹni tó máa tún mítà náà ṣe, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kérésì yìí, òun la máa fi wálé, Bọ̀ọ̀dá Matthias ni yóò sì jókòó níwájú. A máa dúró ra iṣu sísun. Màá mú tìrẹ wá fún ọ bó bá jẹ́ pé a ṣì lè jọ jẹ ẹ́.

Bá mi kí Bàbá Jùwọ́n, bá mi kí Jùwọ́n. Fún Màmá, kí o kúnlẹ̀ dáadáa kí o tó jíṣẹ́ mi, kí o sì wo ẹsẹ̀ wọn bí o bá ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kí Sarah má kúrò lọ́dọ̀ rẹ láìjẹun, ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan fún un.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni ìpàdé wa, lẹ́yìn ìsìn. Màá gbé fóònù mi sórí tábìlì níwájú Alága, màá fi ohùn síta, màá sì pè ọ́. Jọ̀wọ́, gbé e. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń já, a máa dúró. Bí àkùkọ bá kọ, a máa gbọ́.

Èmi tí mo ṣì fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Ìbíyínká, C.I.D. rẹ.